Ìbéèrè Mẹ́ta Ṣáájú Ọjọ́ Sátidé

Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́ dé àdúgbò Lokongoma ní Lọ́kọ́ja, tó sì ní ilé Pírínsípà lòun ń lọ, oníkẹ̀kẹ́ kò ní béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìyàrà ní Ìjùmú ni Pírínsípà. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì, òkìkí iṣẹ́ náà sì ti gbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Zipporah. Ìtàn ọmọ náà nìyí, àti ti ọ̀rọ̀ tó há sí i lọ́fun nígbà tí ọkọ dé.

Ìyá Zipporah kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ikọ́ fée sì ń ṣe ọmọ náà lákòókò yẹn, bàbá rẹ̀ wá ní òun ò ní rán an lọ síbi tí ọgọ́ta ọmọ ti ń gbọn eruku síra wọn lára. Ilé ló ti kọ́ ọ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Láàárọ̀, kí Pírínsípà tó jáde, á kọ ìbéèrè mẹ́ta sórí pépà, á fi ìwé tó yẹ kó kà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ á kàwé, á rò ó síwá sẹ́yìn, á kọ ohun tó bá rí. Tí bàbá bá wá dé, kò ní kọ́ ọ ní nǹkan kan mọ́. Wọn á jókòó ni, wọn á máa tú ohun tó kọ palẹ̀.

"Kí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹnì kan bá ní irọ́ ni, kí lo máa wí?"

Bí Zipporah ṣe dẹni tó mọ èrò í rò nìyẹn, tó sì mọ̀ ọ́n kọ. Àmọ́ kó dìde láàárín èrò kó sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kò lè ṣe. Ó wọ yunifásítì níhìn-ín ní Lọ́kọ́ja, ó gba ìwé ẹ̀rí tó ga jù, kò nawọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ka Jọ́gíráfì gbà á pé kó wá máa ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti pàdé Mákánjúọlá.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì kan. Ọmọ Oworo ni Mákánjúọlá, abúlé wọn kò jìnnà sí Àgbájá, lórí òkè lọ́hùn-ún. Ó ga, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì kan báyìí, ó wọlé láìrẹ́rìn-ín, ó ju ìwé sórí tábìlì.

"Igba akẹ́kọ̀ọ́ ó lé ogójì! Mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Mo ní ṣé ẹ ní ìbéèrè. Kẹ́kẹ́ pa! Bí ẹni ń wàásù fún àga."

Zipporah ń wo kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà kò retí pé yóò dá sí i, torí láti oṣù méjì tí wọ́n ti jọ wà níbẹ̀, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" nìkan ló ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ láti lọ kí ó tó gbọ́ ohùn kan bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀.

"Ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n bá ẹ̀kọ́ náà pàdé kí wọ́n tó bá yín pàdé?"

"Kí lẹ wí?"

Ojú ti Zipporah. Kò tún un wí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, Mákánjúọlá bá ìwé ojú ewé méjì lórí tábìlì rẹ̀. Gbogbo bí Pírínsípà ṣe kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ló wà níbẹ̀, àti bí ènìyàn ṣe lè fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe irú rẹ̀ fún igba ènìyàn ó lé ogójì: fídíò kékeré tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, tàbí ohùn lásán fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó, ìbéèrè kan tàbí méjì tí kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé kankan, kí olúkúlùkù dáhùn láti orí fóònù rẹ̀ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, kí olùkọ́ ka gbogbo rẹ̀ kó tó wọ kíláàsì. Lójú ewé kejì, nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ pé: "Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ti kà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín jà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, wọ́n gba ìsàlẹ̀ odò lọ, níbi tí èèyàn ti ń wo ọ̀nà ibi tí wọ́n ń kọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi sí, wọ́n sì ya fídíò bí omi Ọya ṣe ń kún. Zipporah ló di fóònù mú. Mákánjúọlá ló sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí Zipporah fi sí ìdí rẹ̀ kò gùn: "Lọ́jọ́ tí omi wọlé yín, tàbí ilé aládùúgbò yín, kí ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ṣe?"

Ìdáhùn ya wọlé bí omi ọ̀hún. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣàmsíátù, ọmọ Ẹ̀bìrà, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó, kò sí olùkọ́ tó mọ ohùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ìyá òun kò kọ́kọ́ gbé ẹrù kankan. Ṣọ́ọ̀kì ló mú, ó fàlà sára ògiri níbi tí omi dé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń gòkè. Ìlà mẹ́rin ló wà lára ògiri wọn báyìí, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mákánjúọlá ka ọ̀rọ̀ yìí sókè láìdárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ìyá yìí ti ṣe iṣẹ́ tí ìjọba ń gba onímọ̀ fún. Ta ló ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ nílé?" Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, àwọn ọmọ àdúgbò Gànàjà, àwọn ti Àdánkólò. Ẹnì kan ní ìlà tiwọn ga jù, òmíràn ní irọ́ ni, ilẹ̀ ibẹ̀ ló rẹlẹ̀. Ariwo ta. Lẹ́yìn pátápátá, Ṣàmsíátù dìde, ó ní, "Ìyá mi ni." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Zipporah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ náà. Inú rẹ̀ dùn, ó sì jowú rẹ̀. Nítorí ọmọ náà ti kọ ọ́, ó sì ti dìde sọ ọ́. Òun, kíkọ nìkan lòun mọ̀.

Báyìí ni oṣù mẹ́ta ṣe kọjá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì á jókòó lábẹ́ igi kan lẹ́yìn ọ́fíìsì, wọn á máa ka ohun tí àwọn ọmọ kọ. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á jiyàn. Mákánjúọlá ń sọ tẹnu rẹ̀, Zipporah ń kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Nígbà tí ìsinmi dé tí Mákánjúọlá lọ sí abúlé wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ni Zipporah mú àga lọ sábẹ́ igi náà lóun nìkan, ó jókòó, ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé kí lòun wá ṣe níbẹ̀.

Ìbéèrè tí Mákánjúọlá gbé bọ̀ láti ìsinmi kò sí nínú ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì.

"Zipporah, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Má dá mi lóhùn báyìí tí kò bá wù ọ́."

Kò dá a lóhùn lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìdáhùn náà wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì: "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti wá rí Dádì mi."

Ẹ̀gbọ́n Pírínsípà, Àdùkẹ́, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àdúgbò Crusher ló ń gbé, Màmá Crusher sì ni Zipporah ń pè é. Kò sí ẹni tí ìyá yìí kò lè bá sọ̀rọ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, Pírínsípà kọ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi tútù kí òun lè rí agbára jà.

"Kí ni ọkùnrin náà ṣe fún ọ gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ẹnì kan wà ní kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ní kì í kọ́ni! Ó ní kí àwọn ọmọ lọ máa kọ́ ara wọn lórí fóònù nílé. Tó bá dé kíláàsì, àwọn ọmọ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, òun á máa rìn kiri bí ẹni ń ṣọ́ oko. Olùkọ́ tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ṣe, ṣé ojúṣe ọkọ ló máa wá mọ̀?"

Inú yàrá ni Zipporah wà, ó ń gbọ́. Ahọ́n rẹ̀ ń yún un. *Dádì, iṣẹ́ yín ni. Ọ̀dọ̀ yín la ti kọ́ ọ.* Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di aṣọ ìkélé mú. Ó padà lọ jókòó.

Màmá Crusher ló ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà ṣá. Pírínsípà gbà pé kí Mákánjúọlá mú ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, kí òun rí i.

Àṣìṣe tó wáyé lẹ́yìn èyí, ẹni tí kò bá ti fi oṣù mẹ́ta gbé ìbéèrè ṣáájú ẹ̀kọ́ kò lè ṣe é. Zipporah mọ bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Wọn á gbàdúrà, wọn á yin ara wọn, ẹnì kan á sọ ọ̀rọ̀ gígùn, èkejì á fi gígùn dá a lóhùn, ilẹ̀ á ṣú, kò sí ẹni tí yóò ti sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ó mú bírò. Ó kọ ìbéèrè mẹ́ta fún bàbá rẹ̀, kí ó lè rò ó sílẹ̀ kí àlejò tó dé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Mákánjúọlá.

"Fi ránṣẹ́ sí wọn láti orí fóònù rẹ."

"Èmi? Sí Pírínsípà? Zipporah, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún mi nìyẹn. Wọn á mọrírì rẹ̀."

"Ìwọ ò ṣe bi wọ́n fúnra rẹ?"

Mákánjúọlá mí kanlẹ̀, ó kọ ìkíni tó gùn tó sì kún fún ọ̀wọ̀ síwájú ìbéèrè náà, ó fi ránṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni. Bàbá àti ọmọ ń jẹun. Fóònù Pírínsípà dún, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka orúkọ àwọn tó pẹ́ dé ilé ìwé.

"'Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí a tó pàdé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ bá wa ronú sí ìbéèrè mẹ́ta yìí.' Háà! 'Àkọ́kọ́: kí ni ẹ̀ ń bẹ̀rù jù lórí ọ̀rọ̀ wa yìí?' Zipporah, o gbọ́? Iṣẹ́ àṣetiléwá ló fún mi! Èmi! 'Ìkejì...'"

Ohùn rẹ̀ dúró. Ojú rẹ̀ ń lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ètè rẹ̀ kò mì. Lẹ́yìn náà ó dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì, ó ti àwo oúnjẹ rẹ̀ síwájú.

"Kó má wá mọ́."

"Dádì..."

"Mo ní kó má wá mọ́. Àti òun àti ẹni tó bá fẹ́ mú wá."

Zipporah mọ ìbéèrè kejì sórí. *Bí Zipporah bá lọ, ta ni yóò máa bá yín jẹun ìrọ̀lẹ́?* Òun ló kọ ọ́, àti ìkẹta tó tẹ̀ lé e: *Kí ni ẹ fẹ́ bi wá lọ́jọ́ Sátidé?* Ọdún méjìlélógún ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun lórí tábìlì yẹn. Ó yẹ kó lanu nígbà náà. Ó kó àwo, ó lọ fọ̀ ọ́.

Mákánjúọlá pe Pírínsípà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Zipporah ń gbọ́ ti bàbá rẹ̀ láti yàrá: "Ọ̀dájú ni ọ́. Ta ló bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ inú ilé mi?" Lẹ́yìn náà, Mákánjúọlá pe òun náà.

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọn ò gbà."

"Ṣé o sọ fún wọn pé...?"

"Rárá. Mo ní àṣìṣe mi ni."

"Kí ló dé?"

"Torí èmi ni mo fi ránṣẹ́. Èyí tó kù jẹ́ tìrẹ. Tí mo bá bá ọ sọ ọ́, mo ti tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ nìyẹn." Kò bínú o. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Jẹ́ kí n máa lọ, wọ́n ti gbé kíláàsì ọjọ́ Ẹtì wá sí òní."

Ẹni tó wọ kíláàsì náà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni Màmá Crusher. Pírínsípà ti ka ìbéèrè náà fún un lórí fóònù, ìbínú ló gbé e wọ kẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ lọ bá ọmọkùnrin tó ba iṣẹ́ òun jẹ́ ní ojúkojú. Wọ́n ní ó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn láti dúró dè é. Ṣé kí ìjọba kó àwọn tó ń gbé etí odò kúrò ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Gbogbo wọn ti wo fídíò, wọ́n ti kọ èrò wọn, apá ọ̀tún ní kí wọ́n kó wọn, apá òsì ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Mákánjúọlá kì í ṣe ẹni tó ń rìn kiri lásán; ó mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ. "Ìwọ, o kọ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ Túsìdeè. Kí ló yí ọ lọ́kàn padà?" Ìyá náà gbìyànjú láti dákẹ́. Nígbà tí ọmọkùnrin kan ní ibùdó tí wọ́n ń kó wọn lọ dára, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó nawọ́.

"Ọmọ mi, èmi ṣe nọ́ọ̀sì nínú ibùdó yẹn. Jókòó, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí."

Ìgbà tí kíláàsì tú ká, ìbínú rẹ̀ ti ṣẹ́ kù díẹ̀. Ó bi Mákánjúọlá pé, "Ìwọ yìí, ta ló sọ fún ọ bí àbúrò mi ṣe ń jẹun?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bi mí ní ìyẹn."

Ìyá náà wò ó. Ó tún wò ó. Ó mi orí.

"Ó ti yé mi," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ránṣẹ́ pe Zipporah sí Crusher. Kò tilẹ̀ jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán.

"Ọmọ Oworo tó ga bí òpó iná yẹn, ibo ló ti máa rí ìbéèrè kejì? Ìwọ lo kọ ọ́."

Zipporah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún Dádì."

"Èmi kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Tàbí kí n kọ lẹ́tà..."

"Lẹ́tà! Zipporah, wò mí. Ọkùnrin náà ti ru ẹ̀bi rẹ fún ọjọ́ méjì. Ó lè rù ú fún ogún ọdún, ó jọ ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé bí o ṣe máa wọlé ọkọ nìyẹn? Mo jókòó sínú kíláàsì yín lánàá. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń kọ nílé, kì í ṣe kó lè dúró sórí fóònù. Torí kí wọ́n lè pàdé ni. Ìwọ lo kọ́ ọkùnrin náà, mo mọ̀. Ìwọ fúnra rẹ wá sá fún ìpàdé. Dìde, máa lọ sílé."

Kẹ̀kẹ́ tó gbé e padà yára jù lójú rẹ̀. Ó bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, ó ń bó ọsàn. Zipporah dúró síwájú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò lójú ọ̀nà ti tú ká. Ó wo ilẹ̀kùn ilé, ó rántí bírò tó wà lórí tábìlì. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré ni.

"Dádì."

"Hùn."

"Èmi ni mo kọ ìbéèrè yẹn."

Ọ̀bẹ kò dúró. Èèpo ọsàn ń gùn sí i.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sà."

"O jẹ́ kí n bú ọmọ ọlọ́mọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú."

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù mi?"

"Rárá. Ẹ̀rù ohun tí ẹ máa sọ."

Pírínsípà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kejì sí i. "Jókòó. Bi mí báyìí, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ó pẹ́ kó tó bi í. Nígbà tó bi í, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá yín jẹun?"

"Kò sí ẹnì kankan," bàbá dáhùn. "Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó dùn mí pé àjèjì ló bi mí, ni mo ṣe bínú. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í tìtorí oúnjẹ de ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni àkọ́kọ́, ohun tí mò ń bẹ̀rù." Ó wo ọsàn ọwọ́ rẹ̀. "Tí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, ìdáhùn rẹ máa ń pẹ́. Bí màmá rẹ náà ṣe rí nìyẹn. Èmi mọ̀ pé ó ń bọ̀, mo máa ń dúró. Ilé tí o fẹ́ lọ yìí, mo gbọ́ pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ẹnu wọn sì yá. Wọn á bi ọ́, kí o tó lanu ẹlòmíràn á ti dáhùn. Bí wọ́n bá ṣe é fún ọdún mẹ́ta, o ò ní wá ìdáhùn mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Kì í ṣe ti Oworo. Kì í ṣe ti fóònù."

Zipporah nu ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn náà, Dádì... ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Èmi ni mo sọ fún un bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Irọ́!"

"Ìbéèrè láàárọ̀, ìjiyàn nírọ̀lẹ́."

"Ṣùgbọ́n èmi máa ń padà wálé!"

"Òun náà máa ń padà sí kíláàsì, sà. Ẹ bi Màmá Crusher. Àwọn gan-an nawọ́."

Pírínsípà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó jáde nímú. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe nọ́ńbà kan. "Mákánjúọlá? Ẹ máa bọ̀ lọ́la. Ó ti sọ fún mi." Ó fẹ́ pa á, ó tún gbé e sétí. "Má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi ṣáájú o!"

Inú Zipporah dùn, ṣùgbọ́n kò tíì balẹ̀. "Ẹ máa bọ̀" kì í ṣe "ẹ máa mú un lọ". Ó mọ bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò bàbá Mákánjúọlá ló bá a wá. Bàbá Fàthíà ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ ni, ó wọ fìlà Mùsùlùmí funfun, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí nǹkan míì.

"Okun o!" ló fi kí wọn.

"Okun! Ẹ wọlé."

"Pírínsípà, a ti ń gbọ́ ìró yín láti orí òkè! Ọmọ yín yìí, ṣé òun nìyí? Ó rẹwà, kò ní wàhálà, ẹnu rẹ̀ kò pọ̀..."

Màmá Crusher wúkọ́. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kí ara wọn títí. Nígbà tí ó kan Pírínsípà, kò sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Ó kọjú sí Mákánjúọlá.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá dákẹ́, kí ni wàá ṣe?"

"Háà, ìyẹn kò le," Bàbá Fàthíà gbà á. "Yóò tọ́jú rẹ̀, yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn..."

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bi dáhùn," Màmá Crusher ní.

Mákánjúọlá fọwọ́ nu itan. "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, sà. Lóṣù tó kọjá, mo bi í pé níbo la máa gbé. Ó dákẹ́. Mo bá a dáhùn, mo ní ó dáa, Fẹ̀lẹ̀lẹ̀ la máa gbé, mo tilẹ̀ ti lọ wo ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ pé kò gbà. Mo ṣàṣìṣe. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ ohun tó fẹ́."

Bàbá Fàthíà bojú. Ta ló ń tú àṣírí ara rẹ̀ níwájú bàbá ìyàwó?

Pírínsípà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Zipporah, níbo lo fẹ́ gbé?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ewúrẹ́ kan ké níta; kẹ̀kẹ́ kan kọjá, ìró rẹ̀ lọ títí kò gbọ́ ọ mọ́. Bàbá Fàthíà gbé ara rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lanu, ṣùgbọ́n Mákánjúọlá gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, jẹ́jẹ́, kò sì wo ojú rẹ̀. Bàbá náà pa ẹnu dé. Mákánjúọlá kò mirí sí Zipporah, kò rẹ́rìn-ín sí i láti fún un níṣìírí. Ó jókòó ni, bí ẹni tí kò sí ibì kankan tó ń lọ.

"Níhìn-ín ní Lokongoma," Zipporah wí. Ó dúró díẹ̀. Wọ́n dúró dè é. "Kì í ṣe inú ilé yìí o. Ilé tiwa. Àmọ́ kó jẹ́ ibi tí mo ti lè fẹsẹ̀ rìn wá bá Dádì jẹun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀." Ó gbójú sókè. "Kì í ṣe lójoojúmọ́, Dádì. Lẹ́ẹ̀mejì."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n ní ìparí.

Gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí, Pírínsípà kò wò ó. Ọwọ́ tó wà lórúnkún Bàbá Fàthíà ló ń wò, tí kò tíì kúrò níbẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Màmá Crusher.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún àwọn àna wa."